Yíyọ́, Dídì àti Híhó: Ìtàn Ẹ̀kọ́ Sáyẹ́ǹsì ní Èdè Yorùbá, láti Modákẹ́kẹ́ dé Kòsọ́fẹ́

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bí òwe yìí ti jẹ́ òtítọ́ nínú ọ̀ràn aṣọ àti ìwà, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí nínú ọ̀ràn ìmọ̀. Ọmọ tí ó ń wọ ilé-ìwé fún ìgbà àkọ́kọ́ kì í lọ ní ọwọ́ òfo. Kí olùkọ́ tó ní kí ó jókòó, ó ti fi ojú rí ọ̀pọ̀lọpọ̀ nǹkan, ó ti fi ọwọ́ kàn wọ́n, ó sì ti gbọ́ orúkọ wọn lẹ́nu ìyá rẹ̀. Ìbéèrè ńlá kan ni ó wà nínú ìtàn ẹ̀kọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá: ǹjẹ́ ibi tí ọmọ náà bá ìmọ̀ dé ni olùkọ́ yóò ti bẹ̀rẹ̀, tàbí yóò ṣe bí ẹni pé ọmọ náà kò mọ nǹkan kan rí? Ẹ̀kọ́ nípa ohun líle, ohun olómi àti gáàsì, àti nípa bí nǹkan ti ń yí padà, ni ó fi ìbéèrè yìí hàn jùlọ, nítorí pé òun ni ẹnu-ọ̀nà sí gbogbo sáyẹ́ǹsì, òun náà sì ni ẹ̀kọ́ tí ọmọdé ti rí ẹ̀rí rẹ̀ jù ní ilé.

Ọjà Máìlì 12 ní ìjọba ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́, ní Ìpínlẹ̀ Èkó, tó láti fi ṣe àpẹẹrẹ. Ní òwúrọ̀ ìgbà ọyẹ́, epo pupa a máa dì nínú ìgò. Ẹni tí ó ń tà á a gbé e sí oòrùn, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi yọ́. Òkú-Èkó, ẹja inú yìnyín, a máa le bí òkúta nígbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e jáde. Bí oòrùn bá ti mú, omi a bẹ̀rẹ̀ sí kán láti ara rẹ̀. Tòmátì tí ọkọ̀ gbé wá láti ìhà Àríwá a máa dán ní ọjọ́ tí ó bá dé. Bí kò bá tètè tà, a rọ̀, a rà, a sì máa ṣomi. Ní Òwòdé Onírin, àjákù irin tí òjò ti pa a máa pọ́n bí osùn, ìpáàrà a sì máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ní Kétu àti ní Ìkòsì, ọmọdé tí a bá rán lọ ra gáàsì ìdáná mọ̀ pé sílíńdà tí ó kún wúwo ju èyí tí ó ti tán lọ. Ó ń gbọ́ ohun tí ń mì bí omi nínú rẹ̀, síbẹ̀ kò rí omi kankan kí ó jáde ní ẹnu rẹ̀.

Ọmọ tí ó dàgbà sí àárín nǹkan wọ̀nyí ti rí yíyọ́, dídì, híhó, gbígbẹ, rírà àti ìpáàrà kí ó tó pé ọmọ ọdún mẹ́fà, ó sì ní ọ̀rọ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Bí ó bá wá dé kíláàsì tí a ti ní kí ó ka orúkọ mẹ́ta sórí ní èdè Gẹ̀ẹ́sì bí ẹni ń kọ orin, láìsí epo, láìsí yìnyín, láìsí irin, ohun tí ó mọ̀ ní ọjà yóò dúró sí ọjà, ohun tí ó kà ní ilé-ìwé yóò sì dúró sí ilé-ìwé. Àwọn méjèèjì kò ní pàdé. Bí ọ̀ràn ti ṣe di bẹ́ẹ̀ kò ṣẹ̀yìn ìtàn.

Èdè Yorùbá tètè di èdè ìwé. Samuel Àjàyí Crowther ti tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní ọdún 1843, Henry Townsend sì bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròhìn ní Abẹ́òkúta ní 1859. Kò sí ìyè méjì pé èdè tí ó lè gbé ìròyìn ogun, iye owó ọjà àti Ìwé Mímọ́ lè gbé àlàyé nípa omi àti irin pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin ẹ̀kọ́ fún àwọn ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfríkà ní ọdún 1882, kíkà àti kíkọ èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó kà sí ọ̀ranyàn. Kò fi àyè sílẹ̀ fún èdè ìbílẹ̀. Àwọn ìjọ ajíhìnrere kò tìtorí èyí pa Yorùbá tì. Yorùbá ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ìwé kíkà àti ẹ̀sìn. Báyìí ni iṣẹ́ ṣe pín sí méjì: Yorùbá gba ìtàn, orin àti àdúrà, èdè Gẹ̀ẹ́sì gba òfin, ìṣirò gíga àti sáyẹ́ǹsì. Kò sí ẹni tí ó jókòó tí ó fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé Yorùbá kò lè ṣe àlàyé híhó omi. Àṣà ni ó sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀, nígbà tí ó sì pẹ́, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí gbà pé bí Ọlọ́run ti dá a ni.

Ohùn mìíràn kò ṣàì dìde. Ní ọdún 1922, ìgbìmọ̀ tí àjọ Phelps-Stokes ti Amẹ́ríkà rán wá wo ẹ̀kọ́ ní Áfríkà sọ̀rọ̀ gbe èdè ìbílẹ̀ nínú kíláàsì àwọn ọmọdé. Ní 1925, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ gbé ìwé ìlànà jáde tí ó fara mọ́ irú èrò bẹ́ẹ̀. Ní 1953, àjọ UNESCO kéde pé èdè abínibí ni ó dára jù láti fi kọ́ ọmọ. Nígbà tí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 1955, tí ọmọ tálákà àti ọmọ olówó jọ wọ ilé-ìwé, àṣà tí ó ti fìdí múlẹ̀ ni pé kí a fi Yorùbá kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́ta, lẹ́yìn náà kí a yí sí èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún kẹrin, ní àkókò náà gan-an tí ọmọ ń bẹ̀rẹ̀ sí béèrè ìdí nǹkan, ni a ń gba èdè tí ó lè fi béèrè kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ẹrù méjì ni a gbé rù ú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: ẹrù ìmọ̀ tuntun àti ẹrù èdè tuntun. Bí ó bá ṣubú, kò sí ẹni tí ó lè sọ èyí tí ó wó o lulẹ̀ nínú méjèèjì.

Ọkùnrin kan tí ó fẹ́ mọ èyí tí ó ń wó ọmọ lulẹ̀ ni Alíù Babátúndé Fáfúnwá. Èkó ni a ti bí i ní ọdún 1923. Ó kàwé ní Amẹ́ríkà, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ẹ̀kọ́ ní New York University ní 1955. Nígbà tí ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Ifẹ̀, èyí tí a sọ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní 1987, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ètò kan kalẹ̀ tí a mọ̀ sí Ètò Ẹ̀kọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Ọlọ́dún Mẹ́fà ti Ifẹ̀. Adébísí Afọláyan, onímọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì, wà lára àwọn aṣáájú rẹ̀. Àjọ Ford Foundation ti Amẹ́ríkà fi owó ràn wọ́n lọ́wọ́. Ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen's 'A' ní Modákẹ́kẹ́, Ilé-Ifẹ̀, ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1970.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é kò lọ́júpọ̀. Àwọn ọmọ kan ni wọ́n yóò fi Yorùbá kọ́ ní ohun gbogbo fún ọdún mẹ́fà gbáko: ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ. Èdè Gẹ̀ẹ́sì kò kúrò nínú ẹ̀kọ́ wọn. Ṣùgbọ́n a ń kọ́ wọn ní i gẹ́gẹ́ bí èdè, olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n dájú ni ó sì ń kọ́ wọn. Àwọn ọmọ mìíràn, tí a fi ṣe òṣùwọ̀n, ń tọ ọ̀nà àtijọ́: Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, Gẹ̀ẹ́sì fún mẹ́ta tí ó kù. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, wọ́n fẹ ètò náà dé àwọn ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn ní agbègbè náà. Iṣẹ́ náà kò parí títí di ọdún 1978.

Ìṣòro tí ó kọ́kọ́ dojú kọ wọ́n ni ti ìwé. Wọn kò lè lọ sí ọjà kí wọ́n ra ìwé sáyẹ́ǹsì Yorùbá tí yóò gbé ọmọ láti kíláàsì kìíní dé ìkẹfà. Wọ́n níláti kọ ọ́. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì àti onímọ̀ èdè jókòó pọ̀, olùkọ́ gbé ohun tí wọ́n kọ lọ sí kíláàsì, ó sì mú ìròyìn padà wá bí ó bá rí ibi tí àlàyé ti wọ́. Olùkọ́ fúnra rẹ̀ níláti kọ́ ẹ̀kọ́ tuntun. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a ti fi kọ́ ọ ní sáyẹ́ǹsì. Ó mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n kò tí ì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ rí. Nígbà tí ó sì gbìyànjú àtisọ ọ́, ó rí i pé àwọn ibì kan wà tí òun kò ní òye tó bí òun ti rò. Ẹni tí ó bá ń pe ọ̀rọ̀ àjèjì lè fi ìpè bo àìmọ̀ mọ́lẹ̀. Ẹni tí ó ń fi Yorùbá ṣàlàyé fún ọmọ Yorùbá kò ní ibi tí yóò sá sí.

Àbájáde rẹ̀ wà nínú ìwé tí Fáfúnwá, J. I. Macauley àti J. A. Ṣókóyà ṣe olóòtú rẹ̀, tí a tẹ̀ ní ọdún 1989. Àwọn ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ fún ọdún mẹ́fà kò rẹ̀yìn àwọn yòókù nínú iṣẹ́ kankan. Nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́, wọ́n ta wọ́n yọ. Ohun tí ó ya àwọn ènìyàn lẹ́nu jùlọ ni pé wọn kò rẹ̀yìn nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀rù tí ó ń ba àwọn òbí pé Yorùbá yóò dí ọ̀nà Gẹ̀ẹ́sì mọ́ ọmọ àwọn kò rí ẹ̀rí kan dì mú níbẹ̀. Ó tọ́ kí a fi ìṣọ́ra gba èyí pẹ̀lú, nítorí ìwé tuntun àti olùkọ́ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tún kọ́ lè mú ọmọ yára ní èdèkédè. Àwọn tí ó ṣe ìwádìí náà mọ èyí. Ìdí nìyí tí wọ́n fi kó ẹ̀kọ́ tuntun kan náà fún àwọn ọmọ tí a fi ṣe òṣùwọ̀n ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Bí a bá tilẹ̀ yọ ti ìwé àti ti olùkọ́ kúrò, ó kéré tán ohun kan dúró: Yorùbá kò pa wọ́n lára.

Ṣùgbọ́n kí ni ìtumọ̀ pé kí a fi Yorùbá kọ́ ọmọ nípa ohun líle, ohun olómi àti gáàsì? Ẹni tí ó bá rò pé ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni ó parí iṣẹ́ náà kò tí ì wọ kíláàsì rí. Ọ̀rọ̀ ilé ní agbára, ó sì ní ewu tirẹ̀, nítorí ó ti ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe kí sáyẹ́ǹsì tó ké sí i.

Ọ̀rọ̀ kìíní ni 'líle'. Ní ẹnu Yorùbá, líle kì í ṣe ìdàkejì olómi nìkan. Òwú kò le, òrí kò le, ẹ̀kọ tútù kò le, síbẹ̀ kò sí èyí tí ń ṣàn nínú wọn. Ní ìdàkejì, gààrì a máa ṣàn láti inú àpò sínú kóńgò, a sì máa gba ìrísí kóńgò náà. Ọmọ Máìlì 12 tí a bá sọ fún pé ohun olómi ni ohun tí ó ń gba ìrísí ohun tí a bá dà á sí yóò dáhùn pé ohun olómi ni gààrì. Ìdáhùn rẹ̀ kò gọ̀. Àlàyé tí a fún un ni kò pé. Kí olùkọ́ mú ẹyọ gààrì kan ṣoṣo, kí ó fi hàn pé ẹyọ náà ń pa ìrísí ara rẹ̀ mọ́; kí ó tún fi hàn pé òkìtì gààrì lè dúró ní ṣóńṣó lórí kóńgò, ohun tí omi kò lè ṣe láéláé. Ẹni tí ó ń ta gààrì mọ̀ ọ́n, nítorí ṣóńṣó náà ni ó fi ń fa oníbàárà mọ́ra.

Ọ̀rọ̀ kejì ni 'ooru'. Ohun tí ń jáde láti inú ìkòkò ni ooru. Ìgbóná tí ń mú ara ni ooru. Bí olùkọ́ kò bá là wọ́n níyà, ọmọ yóò gbà pé iná ń wọ inú omi láti ìsàlẹ̀, ó sì ń jáde ní òkè. Kí ó pe ọ̀kan ní ìgbóná, kí ó pe èkejì ní ooru omi, kí ó sì gbé ọmọrí bo ìkòkò náà: bí ó bá ṣí i, omi yóò máa kán láti inú ọmọrí, gbogbo kíláàsì yóò sì rí i pé omi ni ó lọ, omi náà ni ó sì padà. Yorùbá tún ní ìrì àti kùrukùru, tí í ṣe omi tí ó ti inú afẹ́fẹ́ padà wá. Ọmọ tí ó ti fi ẹsẹ̀ tẹ ìrì ní òwúrọ̀ ti wà ní ìdajì ọ̀nà.

Ọ̀rọ̀ kẹta ni 'yọ́'. Òrí a máa yọ́ nínú oòrùn, iyọ̀ a máa yọ́ nínú omi. Ní ti òrí, ìgbóná nìkan ni ó yí ìrísí rẹ̀ padà. Ní ti iyọ̀, ó ti fọ́n ká sí àárín omi ni, bí a bá sì se omi náà gbẹ, a ó bá iyọ̀ ní ìdí ìkòkò. Àwọn kan yóò wí pé àbùkù Yorùbá ni pé ọ̀rọ̀ kan ń ṣe iṣẹ́ méjì. Ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ méjì fún un, síbẹ̀ àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì náà a máa ṣi ọ̀kan pè fún èkejì. Kì í ṣe iye ọ̀rọ̀ ni ó ń la ojú ọmọ, bí kò ṣe ìkòkò omi, ẹ̀kún ọwọ́ iyọ̀ àti olùkọ́ tí ó lè béèrè pé níbo ni iyọ̀ náà lọ.

Ní ti gáàsì, èdè Yorùbá yá ọ̀rọ̀ náà, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀. 'Afẹ́fẹ́' nìkan kò tó, nítorí afẹ́fẹ́ tí a ń mí jẹ́ àdàlù oríṣiríṣi gáàsì, gáàsì ìdáná kì í sì í ṣe afẹ́fẹ́. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì pàápàá yá ọ̀rọ̀ yìí ni: van Helmont, oníṣègùn ilẹ̀ Flanders tí ó kú ní 1644, ni ó dá a sílẹ̀. Ní Faransé, Lavoisier àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́ta tún gbogbo orúkọ inú ìmọ̀ kẹ́mísírì ṣe ní ọdún 1787, ní èdè Faransé. Orúkọ tí wọ́n fún ọ́síjìn túmọ̀ sí ohun tí ń bí ásíìdì, nítorí wọ́n rò pé kò sí ásíìdì tí kò ní i nínú. Ìwádìí lẹ́yìn wọn fi hàn pé èyí kò rí bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ orúkọ náà dúró. Ní Japan, Udagawa Yōan, tí ó gbé ayé láti 1798 dé 1846, kọ ìwé kẹ́mísírì ńlá kan tí ó bẹ̀rẹ̀ sí jáde ní 1837. Inú èdè ara rẹ̀ ni ó ti ṣẹ̀dá ọ̀pọ̀ nínú àwọn orúkọ tí àwọn ará Japan ṣì ń lò. Kò dúró de ìgbà tí èdè rẹ̀ yóò tó; lílò tí ó lò ó ni ó mú kí ó tó.

Ibi tí Yorùbá ti ní ọrọ̀ jùlọ ni àyípadà tí ó ń sọ ohun kan di ohun mìíràn. Omi di yìnyín, yìnyín náà sì tún di omi. Ìrísí ni ó yí, omi ni ó ṣì jẹ́. Ṣùgbọ́n igi tí ó ti di eérú ti lọ. Àwọn tí ń se ọṣẹ dúdú a máa jo èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí pádi kòkó di eérú, wọ́n a ro omi eérú náà, wọ́n a sì fi se àdín lórí iná. Omi eérú a máa ta ni lára, àdín a máa yọ̀ lọ́wọ́. Ohun tí ó jáde kì í ṣe ọ̀kan nínú méjèèjì, ọṣẹ ni. Aláró a máa ti aṣọ bọ inú ìkòkò aró. Nígbà tí ó bá fà á jáde, ó rí bí àwọ̀ ewé, bí atẹ́gùn bá sì ti kàn án, a máa di àwọ̀ aró lójú ẹni, nítorí pé ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ń bá ohun tí ó wà nínú okùn aṣọ náà ṣiṣẹ́. Ọ́síjìn kan náà, pẹ̀lú omi, ni ó ń sọ irin Òwòdé di ìpáàrà. Olùkọ́ tí ó bá fi ìpáàrà àti aró sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn ti kọ́ ọmọ ní ohun tí ọ̀pọ̀ ìwé kò kọ́ wọn: pé iṣẹ́ kan náà lè bá nǹkan jẹ́ ní ibì kan, kí ó sì ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ ní ibòmíràn.

Pẹ̀lú ẹ̀rí Ifẹ̀, ènìyàn ìbá retí pé kí ọ̀nà là. Ìlànà ẹ̀kọ́ fún gbogbo Nàìjíríà, tí ó jáde ní 1977, sọ pé kí a fi èdè abínibí tàbí èdè àdúgbò bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́, lẹ́yìn náà kí a yí sí Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún mẹ́fà ti Ifẹ̀ kò wọ inú rẹ̀. Fáfúnwá fúnra rẹ̀ ṣe mínísítà ètò ẹ̀kọ́ láti 1990 dé 1992. Ó kú ní 2010 láìrí i. Ní ọdún 2018, Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin tí ó mú Yorùbá di ẹ̀kọ́ ọ̀ranyàn ní ilé-ìwé ìjọba àti ti aládàáni. Ṣùgbọ́n kíkọ́ Yorùbá yàtọ̀ sí fífi Yorùbá kọ́ sáyẹ́ǹsì. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fi ọwọ́ sí ìlànà èdè tí ó fún èdè abínibí ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́, gẹ́gẹ́ bí Modákẹ́kẹ́ ti ṣe é. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní oṣù kọkànlá 2025, mínísítà Túnjí Alausa kéde pé a ti fagi lé e, pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a ó fi máa kọ́ni láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ní àwọn ibi tí a ti lo èdè abínibí ní àlòjù ni ìdánwò ti ń fọ́ jù. Ọ̀rọ̀ yìí wúwo, ó sì yẹ kí a bi í ní ìbéèrè tí Ifẹ̀ béèrè: ǹjẹ́ èdè ni ó fọ́ ìdánwò náà ni, àbí àìsí ìwé, àìsí ohun èlò àti olùkọ́ tí kò tó? Ìlànà 2022 kò tí ì rí ìwé, kò tí ì rí olùkọ́, kí a tó pè é ní àṣìṣe. Ohun tí a kò tí ì gbìn, a kì í sọ pé kò so.

Síbẹ̀, ẹni tí ó bá ń gbe Ifẹ̀ kò gbọdọ̀ fojú fo Kòsọ́fẹ́. Modákẹ́kẹ́ ní ọdún 1970 jẹ́ ìlú tí ọmọ àti olùkọ́ ń sọ èdè kan náà. Ní Máìlì 12, ọmọ Haúsá tí bàbá rẹ̀ ń ta àlùbọ́sà, ọmọ Ìgbò tí ìyá rẹ̀ ní ìsọ̀, ọmọ Ègùn àti ọmọ Ìkòsì lè jókòó lórí bẹ́ńṣì kan ṣoṣo. Ọmọ Yorùbá wà láàárín wọn tí àwọn òbí rẹ̀ kò jẹ́ sọ nǹkan kan fún un ní ilé bí kò ṣe Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí ó bá ní kí a gbé ètò Modákẹ́kẹ́ wá sí ibẹ̀ láìyí ohunkóhun padà yóò ṣe sí ọmọ Haúsá gẹ́gẹ́ bí òfin 1882 ti ṣe sí ọmọ Yorùbá.

Ṣùgbọ́n ọjà náà ti rí ọ̀nà tirẹ̀ kí ilé-ìwé tó béèrè. Ẹni tí ó ti Kánò wá àti ẹni tí a bí ní Kétu ń dúnàá-dúrà lójoojúmọ́ lórí epo tí ó dì àti tòmátì tí ó rà, wọ́n sì ń gbọ́ ara wọn yé. Ohun tí ó wà níwájú wọn ni ó ń ṣe ògbufọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó lè rí ní kíláàsì. Kí ìgò epo, òkúta yìnyín, ìṣó tí ó ti pọ́n àti ìkòkò tí ń hó kọ́kọ́ dé orí tábìlì. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan fi èdè tí ó ní sọ ohun tí ó rí. Kí olùkọ́ gbà á, kí ó tọ́ ọ sọ́nà, kí ó sì wá fún un ní orúkọ tí yóò bá pàdé nínú ìwé ìdánwò. Èyí kò lòdì sí ẹ̀kọ́ Ifẹ̀. Òun gan-an ni ọkàn rẹ̀. Àwọn aṣáájú ètò náà kò lé èdè Gẹ̀ẹ́sì jáde. Wọ́n fún un ní iṣẹ́ tirẹ̀, wọ́n sì fi ìmọ̀ sí ibi tí ọwọ́ ọmọ lè tó o.

Àgbà kì í wà ní ọjà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwọn àgbà tí ó wà ní ọjà yìí ni olùkọ́, òbí, ìjọba àti ẹgbẹ́ tí ń ṣe ìtọ́jú èdè. Ọmọ tí ó mọ̀ pé epo dì ti ṣe ìdajì iṣẹ́ fún wọn. Bí a bá ní kí ó gbàgbé rẹ̀ kí a tó kọ́ ọ, a ó ti sọ ohun tí ó mọ̀ di aláìmọ̀, àyípadà bẹ́ẹ̀ sì jọ ti igi àti eérú: kì í rọrùn láti dá a padà.